Ọjọ́ Tí Wọ́n Pe Bàbá Mi Lórúkọ

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé mo lè jókòó sábẹ́ àga ọba kí orí mi má kan igi, bàbá mi a máa jọba ní gbogbo ọ̀sán Sátidé. Ẹ má rò pé ìdílé ọba ni wá o. Tíṣà ni bàbá mi, ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Yábàá, inú gbọ̀ngàn onípákó kan tó wà lẹ́yìn ilé ìjọsìn wa ló sì ti ń jọba. N kò ní í dárúkọ ilé ìjọsìn náà. N kò ní í dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, nítorí àwọn kan ṣì wà láyé, àwọn tó ti lọ náà sì ní ẹbí. Ká ní ọwọ́ mi ló wà ni, n kì bá sọ ọ́ rárá. Ọmọbìnrin mi ló fa ọ̀rọ̀ yọ.

Ó ń múra ìdánwò lítíréṣọ̀. Wọ́n ní kó kọ nípa kókó ọ̀rọ̀, àwòrán àti ìwà àwọn ẹ̀dá inú eré orí ìtàgé àtijọ́ kan. Ó ń fi ìka yí fóònù rẹ̀ sókè sódò, ó wá ní, "Mọ́mì, kí ni wọ́n ń pè ní àwòrán gan-an? Ṣé fọ́tò ni?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò wá. Mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àwòrán nínú eré. Ó ti wó lé wa lórí rí.

Ìpọ̀nrí là ń gbé nígbà náà, yàrá méjì àti pálọ̀ kékeré kan. Àwọn ẹgbẹ́ bàbá mi ń ra rédíò, ìwé eré ni òun ń rà. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ló ti kó àrùn eré, bí ìyá mi ṣe máa ń sọ. Àwọn eré àtijọ́ ló fẹ́ràn jù, ti àwọn ènìyàn tó ti kú tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Èkó. Bó bá ti yọ gíláàsì ojú rẹ̀, tó ń fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún, a ti mọ̀ pé ẹ̀kọ́ dé.

"Ẹni ńlá inú eré," á ní, "ọ̀tá kọ́ ló ń gbé e ṣubú. Ohun tó gbé e ga náà ni."

Ìyá mi á dá a lóhùn láti ibi tó ti ń ṣa òkúta inú ìrẹsì, "Ẹni ńlá inú ilé ńkọ́? Kẹrosíìnì ti tán o."

Níkẹyìn, ó jókòó, ó kọ eré tirẹ̀ ní èdè Yorùbá, ní ìlànà àwọn eré àtijọ́ wọ̀nyẹn. Ọba kan wà nínú rẹ̀ tó ní ẹsẹ̀ òun kò ní í kan ilẹ̀ mọ́. Bí ìjòyè kan bá sọ òótọ́ fún un, yóò lé e kúrò láàfin, àwọn ẹrú yóò sì ki àpótí kan sábẹ́ àga rẹ̀ kí ó lè ga sí i. Ó lé ọ̀rẹ́, wọ́n ki àpótí. Ó lé olorì, wọ́n ki àpótí. Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, ọba àti ìjòyè lè wo ara wọn lójú. Nígbà tó bá fi máa parí, orí ọba ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. Wèrè obìnrin kan ló máa wọlé gbẹ̀yìn, òun ni yóò ní kí ọba sọ̀ kalẹ̀. Ọba yóò ní kí wọ́n lọ pa á. Lẹ́yìn ìyẹn, yóò wá ku ọba nìkan lókè, kò ní í sí ẹnikẹ́ni mọ́ tí yóò gbé àkàsọ̀ wá fún un. Ibẹ̀ ni eré ti parí.

Bàbá mi kò fẹ́ kí àwọn òṣèré kàn há ọ̀rọ̀ sórí. Ó fẹ́ kí wọ́n lóye rẹ̀. Ó sọ fún wọn pé ìgbéraga ni kókó ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ènìyàn kì í rí ìgbéraga lójú, àga ló máa rí. "Wọ́n lè gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ," ó ní, "wọn kò ní í gbàgbé àga." Òótọ́ ló sọ. Ẹ fún mi ní èédú báyìí, n ó ya àga yẹn sára ògiri fún yín.

Òun fúnra rẹ̀ ni ọba. Èmi ni ọmọdé tó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ fún ọba. N kò ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ. Orí àpótí kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ni mo máa ń dúró sí, bí àga sì ṣe ń ga ni mo ń na ọwọ́ sí i, títí tó fi jẹ́ pé àtẹ́lẹsẹ̀ bàbá mi ni mo ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí. Ó ti kìlọ̀ fún mi pé ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, n kò gbọ́dọ̀ yíjú.

Òfin kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. A máa ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn náà nítorí pákó rẹ̀. Bàbá mi á ní, "Ẹ bọ́ orúkọ yín náà sílẹ̀ pẹ̀lú bàtà." Ẹni tó bá ti gun orí ìtàgé, orúkọ inú eré ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi pè é. Ní ti òun, òfin yẹn kò tilẹ̀ pọn dandan. Ta ló fẹ́ pè é lórúkọ? Tíṣà ni gbogbo Ìpọ̀nrí ń pè é. Ìyá mi ń pè é ní Bàbá wọn. Mo ti tó ọmọ ilé ìwé kí n tó mọ̀ pé ó ní orúkọ mìíràn.

Ẹni tó ṣe wèrè obìnrin náà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àǹtí ni mo ń pè é. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ń ta bọ́tìnnì àti òwú ìránṣọ ní Tejúoṣó, ó sì kéré sí bàbá mi dáadáa, ó lè tó àbúrò rẹ̀ tó kẹ́yìn pátápátá. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó dúdú, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Òun ló rán aṣọ ọba. Kọ́tìnnì àtijọ́ kan tí ìyá mi yọ̀ǹda ló fi rán an, aláwọ̀ èsè àlùkò, ó sì to bọ́tìnnì aláwọ̀ wúrà sí i láti ọrùn dé ìsàlẹ̀. Ọjọ́ tí bàbá mi kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ níbi ìfidánrawò, ó jáde bí ọba lóòótọ́, gbogbo wa tẹjú mọ́ ọn. Ó yẹ kí Àǹtí dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí wèrè, kó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ lóòótọ́. Ó wá gbé orí sókè, ó ní:

"Kábíyèsí, ẹ dákun, fèrèsé ta ló wà níhòòhò lónìí?"

A rẹ́rìn-ín títí ẹnìkan fi jókòó sílẹ̀. Bàbá mi náà ń ti ẹ̀rín mọ́lẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Kò sí nínú eré!" ó pariwo. "Ohun tí kò sí nínú eré, má sọ ọ́!"

"Ẹ má bínú, Tíṣà. Ẹnu wèrè ni."

"Ẹnu tìẹ ni!"

Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Kérésìmesì tó ṣáájú, nígbà tí wọ́n ń ṣe eré kan níwájú gbogbo ìjọ, Àǹtí ni ìránṣẹ́ tó mú ìròyìn ogun wá fún ọba. Dípò kó sọ ìròyìn ogun, ó sáré wọlé, ó ké pé, "Tíṣà! Tíṣà! Ìyàwó yín ní ọbẹ̀ ti jóná!" Àwọn ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ fi àtẹ́wọ́ wó ilé. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá rí i lójú ọ̀nà Yábàá, wọn kì í kí i dáadáa mọ́, "Ọbẹ̀ ti jóná" ni wọ́n ń sọ. Ó ń dùn mọ́ ọn nínú. Bàbá mi kò dárí jì í bọ̀rọ̀. Àmọ́ ẹ wò ó, òun náà kò lè fi ẹlòmíràn ṣe wèrè. Kò sí ẹni tó lè ṣe é bíi tirẹ̀.

Ìgbìmọ̀ ìjọ ti sọ pé àwọn yóò wó gbọ̀ngàn náà lẹ́yìn Àjíǹde, kí wọ́n lè kọ́ tuntun. Wọ́n gba bàbá mi láàyè láti ṣe eré náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní ọ̀sán Ọjọ́ Ajé Àjíǹde. Bí kò bá ṣe é lọ́jọ́ náà, kò sí ibòmíràn. Nítorí náà, kò sí ohun tó lè mú kó sún un síwájú, kódà nígbà tí àga bẹ̀rẹ̀ sí mì. Àpótí ọṣẹ ni wọ́n fi ń kì í, àwọn tí a tọrọ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ní Òtò, wọn kò dọ́gba. Ní ìfidánrawò tó kẹ́yìn, bàbá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú láti òkè. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ronú díẹ̀, ó wá mú okùn, ó fi so ẹ̀yìn àga mọ́ òpó igi kan tó wà lórí ìtàgé. Òpó yẹn ló gbé igi òrùlé ró.

Ìyá mi, tó gbé oúnjẹ wá fún wa, wo òpó náà. "Bàbá wọn, ṣé igi yìí ṣì lágbára báyìí?"

Bàbá mi fi ọwọ́ gbá a pẹ́pẹ́. "Ó ti wà níbí kí wọ́n tó bí wa."

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í bu oúnjẹ fún wa. Lẹ́yìn náà, ó ní òun rò pé ìdáhùn nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé Àjíǹde pé. Oòrùn mú. Gbọ̀ngàn kún débi pé àwọn ọkùnrin ń dúró sójú fèrèsé láti ìta. Ìyá mi wà ní ìlà iwájú, ó gbé àbúrò mi lé ẹsẹ̀. Eré bẹ̀rẹ̀, ó sì dára. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó dára. Ọba lé ìjòyè, wọ́n ki àpótí, àwọn ènìyàn kẹ́dùn. Ọba lé olorì, wọ́n ki àpótí, obìnrin kan ń fi gèlè nu ojú. Bàbá mi ń ga sókè díẹ̀díẹ̀ nínú kọ́tìnnì ìyá mi, kò sì rẹ́rìn-ín, kò wo ilẹ̀. Mo ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀. Ọwọ́ ń ro mí. N kò yíjú.

Àǹtí ń dúró de àsìkò rẹ̀ lẹ́yìn òpó. Ohun tó rí níbẹ̀, ẹnìkan nínú àwọn ẹrú inú eré, tó dúró tì í, ló sọ fún wa lẹ́yìn náà. Ó ní nǹkan bí ìyẹ̀fun ń dà sí Àǹtí lórí. Ó gbọ̀n ọ́n kúrò, òmíràn tún dà. Ó gbé ojú sókè, ó rí i pé òpó náà ti ń fì, pé bí ọba bá ti mira lórí àga, okùn á fa òpó, òpó á sì dáhùn. Ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán. Ara ìta nìkan ló kù, tó dà bíi igi.

Àsìkò rẹ̀ tó. Ó bọ́ sórí ìtàgé, àtẹ́wọ́ sọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú eré ni, "Kábíyèsí, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Àga yín ti ga ju ọgbọ́n yín lọ." Ó sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò rí bó ṣe máa ń rí. Bàbá mi sì dáhùn bó ṣe wà nínú eré, "Ta ló ń sọ̀rọ̀ láti inú erùpẹ̀?"

"Kábíyèsí, òpó ń wó. Òpó yìí, ẹ wò ó! Ẹ sọ̀ kalẹ̀ kíákíá."

Àtẹ́wọ́ tún sọ, nítorí ó ṣe é bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà lóòótọ́. Bàbá mi kò wo òpó. Ọba kì í wo ibi tí wèrè bá nawọ́ sí. "Ta ló ń sọ̀rọ̀ láti inú erùpẹ̀?"

"Tíṣà!" ó ké. "Tíṣà, kì í ṣe eré o! Ẹ sọ̀ kalẹ̀!"

Ilé wó fún ẹ̀rín. Wọ́n ti ń retí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. "Ó tún ti dé o!" ni ọkùnrin kan pariwo lójú fèrèsé. "Ọbẹ̀ ti jóná!" Àwọn yòókù gbà á lẹ́nu rẹ̀, "Ọbẹ̀ ti jóná! Ọbẹ̀ ti jóná!" wọ́n ń gbá ìjókòó.

Èmi ni mo sún mọ́ bàbá mi jù. Mo gbọ́ ohun tó sọ láàárín eyín, tí ètè rẹ̀ kò mì. Ó ní, "Kò sí nínú eré."

Àǹtí sáré wá sọ́dọ̀ mi. Ó fà mí lápá, ó gbé mi bí ẹrù, ó jù mí sọ́wọ́ àwọn tó wà ní ìlà iwájú. Wọ́n gbà mí pẹ̀lú ẹ̀rín. Obìnrin kan tilẹ̀ fi mí jó. Ibẹ̀ ni mo ti yíjú fún ìgbà àkọ́kọ́, mo sì rí i tó padà sídìí òpó, tó fi èjìká tì í bí ẹni pé ó lè dá a dúró, tó ń wo òkè, ibi tí bàbá mi jókòó sí bí ère.

Ó wá pè é lórúkọ.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ó lè ṣòro fún yín láti mọ bó ṣe rí. Kò fi Tíṣà sí i. Kò ní Ẹ̀gbọ́n, kò ní bàbá lágbájá. Orúkọ tí àwọn òbí bàbá mi sọ ọ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, òun ló pè ketekete níwájú gbogbo ìjọ, níwájú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń pe ọmọdé tó ń ṣeré lójú títì. Ó tún un pè. Ó wá fi kún un pé, "Dìde!" Kò sọ pé ẹ dìde. Dìde ló sọ.

Ẹ̀rín gé. Mo gbọ́ "Hàà!" láti ẹnu gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá mi bo ẹnu. Nǹkan tí kì í ṣe eré ti ṣẹlẹ̀, gbogbo ènìyàn sì mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ìwà àfojúdi ni wọ́n rò pé ó jẹ́.

Bàbá mi dìde. Mo rí ojú rẹ̀, kì í ṣe ojú ọba. Ó fò sílẹ̀ láti orí gbogbo àpótí yẹn, kọ́tìnnì ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀, ó sì doríkọ Àǹtí pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún tó ti gbé sókè. Kò tí ì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí a gbọ́ ìró. N kò ní í ṣe àpèjúwe ìró yẹn. Igi òrùlé sọ̀ kalẹ̀ sórí àga, ó fọ́ ọ wómúwómú, ó sì gba ìdí òpó kọjá, níbi tí Àǹtí wà.

Páànù tẹ̀lé e, eruku tẹ̀lé e. Nínú eruku yẹn, mo gbọ́ ẹnìkan tó ń pàtẹ́wọ́. Ẹnìkan ṣoṣo ni. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dáwọ́ dúró.

Orí ìtàgé nìkan ni òrùlé ti wó. Àwọn èrò gba fèrèsé jáde, ọ̀pọ̀ fara pa, wọ́n yè. Igi kan ṣẹ́ bàbá mi lẹ́sẹ̀, ó yè. Èmi kò ní ọgbẹ́ kankan, àfi ibi tí èékánná Àǹtí ti bó mi lápá. Òun ti kú kí wọ́n tó gbé igi kúrò.

Ẹ gbọ́ ohun tí àwọn kan sọ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Wọ́n ní ẹ ò rí i bí? Ọmọ tó pe àgbà lórúkọ, tó tún fi ìwọ bá a sọ̀rọ̀, lọ́jọ́ Àjíǹde. Wọ́n ń sọ ọ́ ní ẹnu ọ̀nà ilé ìjọsìn, wọ́n ń sọ ọ́ ní ilé ìwòsàn pàápàá, àwọn kan náà tó gbọ́ ìkìlọ̀ rẹ̀, tí wọ́n fi ṣe ẹ̀rín.

Ìyá Àǹtí wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Obìnrin kúkúrú kan, ó ró aṣọ òfì, kò sunkún lójú wa. Wọ́n mú un wá sílé wa ní Ìpọ̀nrí. Bàbá mi ti kúrò ní ilé ìwòsàn, wọ́n fi píọ́ọ̀pù funfun di ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ṣẹ́. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un, ẹsẹ̀ kò gbà, ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyá náà bá gbogbo wa sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Níkẹyìn, ó ní ohun kan ṣoṣo ni òun fẹ́ mọ̀.

"Kí ni ọmọ mi sọ gbẹ̀yìn?"

Ìyá mi ń wo ilẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan láti ìgbìmọ̀ ìjọ wú ikọ́ tí kò sí. Bàbá mi ló sọ̀rọ̀.

"Orúkọ mi ni, ìyá. Ó pè mí lórúkọ, ó ní kí n dìde."

Mo rí i nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wọ obìnrin náà lára. Ó yí ojú sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tí kò yẹ. Ó wá kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lórí ẹní wa níwájú bàbá mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí i. Ẹ dákun. Mo kọ́ ọ dáadáa. N kò mọ ohun tó ṣe é."

Ẹkún tí bàbá mi sun lọ́jọ́ náà, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu ọkùnrin. Ó ń gbìyànjú láti gbé obìnrin náà dìde, kò lè dìde fúnra rẹ̀, àwọn méjèèjì wà nílẹ̀ níbẹ̀.

Kò kọ eré mọ́. Kò jókòó sórí àga gíga mọ́. Àpótí ìdáná ìyá mi ló ń jókòó lé, àní níbi oúnjẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá pè é láti ẹ̀yìn, yóò ti dìde dúró kó tó bi í pé kí ló dé. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ rí i, wọ́n sì sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀, àwọn náà jẹ́ ọmọdé. Lọ́jọ́ kan, nígbà tí mo ti dàgbà díẹ̀, ó sọ fún mi pé, "Àwọn ènìyàn rò pé mo gbọ́ ìkìlọ̀ rẹ̀ ni mo fi yè. N kò gbọ́ ọ. Mo dìde láti gbá a létí ni." Ó tún máa ń ronú pé bóyá fífò tí òun fò ló mú kí okùn náà fa òpó wó. N kò mọ̀. Ìyá mi ní kó má bi ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó darúgbó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wá pé kí a máa pe òun lórúkọ. Kò fẹ́ Dádì, kò fẹ́ Tíṣà. Kò sí ẹni tó lè ṣe é nínú wa. Ó bẹ̀ mí nígbà tó wà lórí ibùsùn tí kò fi dìde mọ́. Mo la ẹnu, "Dádì" ló jáde. Ó ní kò burú. Ó pa ojú dé.

Gbọ̀ngàn yẹn ti di ilé ìtajà alájà púpọ̀ báyìí, wọ́n ń ta fóònù nínú rẹ̀. Eré tí àwọn ọmọ ń wò wà nínú fóònù, kò sí ẹni tó ń bọ́ bàtà kó tó wò ó. Ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà. Ní ọ́fíìsì, ọmọ kékeré ń pe ọ̀gá rẹ̀ lórúkọ ní gbangba, àwọn ojúgbà mi sì ń ráhùn pé ayé ti bàjẹ́. Èmi kì í bá wọn ráhùn. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni èyí: nígbà tiwa, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún ilé tó ń wó nítorí wọ́n rò pé eré ni. Nísinsìnyí, bí ilé bá ń wó ládùúgbò, wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe eré, wọ́n sì na fóònù sí i.

Múṣín ni mò ń gbé báyìí, àjà kejì. Ògiri kan là ní ilé ìdáná. Lánlọ́ọ̀dù ní ọ̀dà lásán ló là. Mo ti ń wá ilé mìíràn. Ní báyìí ná, bàtà mi wà lẹ́nu ọ̀nà, mo sì ti sọ fún ọmọbìnrin mi pé bó bá rí nǹkan kan, tàbí bó bá gbọ́ ìró kan, kó má ṣe pè mí ní Mọ́mì, nítorí ó ń pe Mọ́mì láti àárọ̀ títí di alẹ́, n kò gbọ́ ọ mọ́. Kó pe orúkọ mi.

"Mọ́mì, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀," ó ní. "Ta ló fẹ́ pè yín lórúkọ? Kí wọ́n lè sọ pé mi ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé?"

Mo sọ ìtàn yìí fún un lọ́jọ́ tó béèrè nípa àwòrán. Kò kọ nǹkan kan sínú ìwé rẹ̀. Ó wo ògiri ilé ìdáná, ó lọ sùn.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òjò kan rọ̀ lọ́sàn-án. Mo wà ní yàrá, mo ń ká aṣọ. Mo gbọ́ ìró kan, gbì, ilẹ̀ mì, mo sì gbọ́ orúkọ mi láti ilé ìdáná, kò sí Mọ́mì nínú rẹ̀, "Dìde! Jáde!" Mo ti dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, nínú òjò, pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́, kí n tó mọ̀ pé mo ti rìn. Odi ilé kejì ló wó sí ẹ̀yìnkùlé. Ilé wa dúró. Àwọn ará ilé ti ń rẹ́rìn-ín sí mi láti ojú fèrèsé.

Ọmọ mi sáré tẹ̀lé mi. Bó ṣe rí odi náà, tó rí i pé kì í ṣe ilé wa, ojú tì í. Ó kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ níbẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò mọ ìgbà tó bọ́ lẹ́nu mi."

Mo gbé e dìde. Mo ní kó tún orúkọ mi pè, kí ó lè mọ́ ọn lẹ́nu.